Epo Tí Télọ̀ Kán Sí Bíréèkì

Ẹ mọ bí iwájú ilé ṣe máa ń rí láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tó ń fọṣọ ń fọṣọ, ẹni tó ń gbálẹ̀ ń gbálẹ̀, ẹni tí kò rí nǹkan kan ṣe á máa dá sí tàwọn tó ń ṣiṣẹ́. Èmi wà lára àwọn tó ń dá sí i lọ́jọ́ náà. Mo wá kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù rẹ̀.

Télọ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ aṣọ rírán, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ alùpùpù náà pẹ̀lú. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń gùn ún. Wọ́n ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tàn nígbà tó bá wù ú. Òun ló fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi tó wà nísàlẹ̀ òkè ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà náà dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Láti ẹnu géètì wọn, ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó ní kọ́nà kan láàárín, ó sì já sí oríta ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lórí alùpùpù, bíréèkì ló fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́, òun àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bíréèkì iwájú ti ń han. Tí Télọ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, á ké wíìn, àwọn ajá àdúgbò á sì dá a lóhùn.

"Bàbá wọn, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, níbi tó ti ń sá aṣọ. "Ojú ń tì mí tá a bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ti ń sín mi jẹ."

"Mẹkáníìkì ti kí ni? Torí páàdì lásán? Bọ́ọ̀tì méjì péré ni. Mo ti ra tuntun."

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, páàdì ni pẹlẹbẹ méjì tó máa ń fún àwo irin ara táyà mọ́ra lọ́tùn-ún lósì nígbà téèyàn bá tẹ bíréèkì. Tó bá ti jẹ tán, irin á wá máa ha irin. Òótọ́ ni Télọ̀ sọ, iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe nílé ni. Ó tú bọ́ọ̀tì, ó yọ ti àtijọ́ tó ti fẹ́lẹ́ bí abẹ, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó dì í. Kò tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ yí táyà, páàdì tuntun sì ń ha àwo irin náà, ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́.

Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gbọ́ irú èèyàn tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí máṣíìnì ìránṣọ kì í lè fara da ariwo ẹ̀rọ. Lójú tiẹ̀, ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ ni ara rẹ̀ yá. Agolo epo máṣíìnì rẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, kì í jìnnà sí i. Ilẹ̀kùn dún, á kán an sí i. Fáànù dún, á kán an sí i. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ẹbí pé bí orúnkún ìyá wa bá dún lójú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kí màmá tètè sá.

Ó fa agolo náà yọ nínú àpò rẹ̀. Ó kán epo sí etí páàdì, ó kán an sójú àwo irin, ó yí táyà, ó tún kán an. Ariwo náà lọ.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ló bi wá.

"Ká gbọ́ kí ni?" ni mo dáhùn.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, àbí? Iṣẹ́ parí nìyẹn."

Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi tí wọ́n ń sanwó oṣù fún láti máa lọ láti ilé dé ilé, kí n máa la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa ẹ̀fọn àti ìgbẹ́ gbuuru àti bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn, mo jókòó sórí àpótí, mo pàtẹ́wọ́. Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń dùn mí dọ́kàn.

Kò gbé alùpùpù náà jáde lọ́jọ́ Àìkú. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun àti ẹ̀gbọ́n mi dé akoto wọn, wọ́n gbéra. Ohun tó sọ fún wa lẹ́yìn náà ni pé nígbà tóun dé kọ́nà, òun tẹ bíréèkì iwájú, ó le lọ́wọ́ òun dáadáa, ṣùgbọ́n alùpùpù náà ń lọ. Òun tẹ ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ti ẹ̀yìn ti rẹ̀ tipẹ́, kò lágbára láti dá a dúró mọ́. Oríta ń bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lọ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ó yí ọwọ́ alùpùpù náà, ó kó sínú òkìtì yanrìn àwọn tó ń kọ́lé lẹ́bàá ọ̀nà.

Yanrìn yẹn ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú. Ọwọ́ Télọ̀ bó díẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù náà wó lu ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ṣẹ́ ẹ sí ọ̀nà méjì.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi irin sí i lẹ́sẹ̀. Mo bi dókítà bóyá á ṣì lè máa dúró kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní ẹsẹ̀ náà á jinná, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé á rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún yó.

Ní ti Télọ̀, inú ló ń bí i. "Ayédèrú páàdì ni wọ́n tà fún mi!" ló ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á fún un, ó bú u débi tí àwọn èèyàn fi pé lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n gbé alùpùpù náà délé, ó tú páàdì ọ̀hún, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ní ọlọ́pàá lòun máa kó o fún. Àwa náà gbà á gbọ́. Ta ni kì í gba irú ẹ̀ gbọ́, pẹ̀lú bí ọjà ṣe rí báyìí?

Ọjọ́ kejìlá, ó ra páàdì òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù míì. Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn kí n lè máa bá wọn dáná. Mo ti bu oúnjẹ sínú kúlà, mo ti ká aṣọ mímọ́ sínú báàgì, mo sì ti dé akoto ẹ̀gbọ́n mi sórí. Èmi ni mo fẹ́ jókòó sẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọ̀nà kan náà la máa gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọsibítù. Télọ̀ wà lórí ẹní rẹ̀, ó ń di bọ́ọ̀tì ìkẹyìn, agolo epo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Díẹ̀díẹ̀ fi wọlé. Mẹkáníìkì alùpùpù ni bàbá náà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúkọ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

"Ẹ kú ewu o," ló wí. "Mi ò sí nílé, àná ni mo dé tí wọ́n wá sọ fún mi. Aya wa ńkọ́?"

"Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ sí i."

"A dúpẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Ayédèrú páàdì ni, bàbá. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Mo kó o pamọ́."

Ó sáré wọlé, ó mú ọ̀rá náà jáde. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ tú u, ó fi ìka ra ojú páàdì náà, ó ra ìka méjèèjì pọ̀, ó gbé e símú.

"Kí lo fi sí i?"

"Èmi kẹ̀? Bí wọ́n ṣe tà á fún mi nìyẹn."

"Rárá o. Páàdì tuntun máa ń gbẹ ni. Èyí ń yọ̀ bọ̀rọ́. Epo ló wà lára rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n, epo yẹn?" Télọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀kán díẹ̀ ni mo kán sí i kó má baà máa pariwo. Mo ṣì fẹ́ kán an sí èyí náà báyìí." Ó sì nawọ́ mú agolo.

Bàbá náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò tíì rí i kó yára bẹ́ẹ̀ rí.

"Gbé e sílẹ̀."

"Bàbá..."

"Mo ní kó o gbé e sílẹ̀. Jókòó, Télọ̀. Máṣíìnì rẹ, kí lo fi ń kán epo sí i?"

"Kó lè máa yọ̀, kó má baà máa ha ara rẹ̀."

"O ṣeun. Bíréèkì ńkọ́? Kí ló fi ń dá alùpùpù dúró?"

Télọ̀ bojú wo àwo irin ara táyà náà.

"Híha yẹn náà ni," ni Bàbá Díẹ̀díẹ̀ wí. "Páàdì á fún àwo irin yìí mọ́ra, á ha á títí á fi dúró. Ohun tó o fẹ́ kó máa yọ̀ lo máa ń kán epo sí. Èyí ò gbọ́dọ̀ yọ̀ rárá. Nígbà tó o tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó le lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó le, bàbá."

"Ṣùgbọ́n kò dúró."

"Kò dúró."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe orí ẹní. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ ń sọ pé èmi ni."

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Epo ni mo sọ."

"Èmi ni mo kán an. Èmi ni mo ṣẹ́ ìyàwó mi lẹ́sẹ̀."

Mo ní, "Bùọ̀dá, èmi náà wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún yín." Mo bọ́ akoto kúrò lórí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé bí bàbá náà bá pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, èmi ni ìbá wà lọ́nà oríta yẹn.

"Ẹ bá mi gbé e lọ tà," ni Télọ̀ wí. "Mi ò gùn ún mọ́."

"O lè tà á. Ẹni tó bá rà á náà á wá kán epo sí i. Dìde, wá ṣe é bó ṣe yẹ. Kò sí aburú nínú kéèyàn tún nǹkan rẹ̀ ṣe nílé. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Bàbá náà ò fọwọ́ kan sípánà. Ó ní kí Télọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n tú páàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, torí epo tó ti kù lójú àwo irin ti kàn án.

"Ṣé a ò lè nù ún?" ni Télọ̀ bi í.

"Ó ti mu ún. Páàdì tó bá ti mu epo, kò ṣe é fọ̀, kò ṣe é sá sóòrùn. Dà á nù. Lọ ra òmíràn."

"Níbo, bàbá?"

"Lọ́dọ̀ ẹni tó o bú."

Ó lọ. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun dọ̀bálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin náà gbé òun dìde, ó sì bi òun pé báwo lara ìyàwó.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ tirẹ̀. Ó fi omi ọṣẹ àti aṣọ mímọ́ fọ àwo irin náà, ó ṣàn án, ó nù ún títí ó fi gbẹ. Eruku dúdú ti dì sínú irin tó gbá páàdì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fẹnu fẹ́ ẹ. Èmi ni mo pariwo níbí, torí èyí mo mọ̀: eruku yẹn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù la fi nù ún.

"Wo ibí," ni Bàbá Díẹ̀díẹ̀ wí. "Irin róbótó yìí ló ń ti páàdì síwájú. Alùpùpù tó bá ti dàgbà, ìpẹtà máa ń mú un níbí, páìpù rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì wá náà sì máa ń sán. Tí irin yìí bá há, má fi tipátipá tì í, gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Tìrẹ ṣì dáa. Tì í padà díẹ̀díẹ̀, kó o sì máa wo agolo omi bíréèkì tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ alùpùpù kó má baà kún àkúnya. Má sì tẹ bíréèkì nígbà tí àwo ò bá sí láàárín, irin yìí á fò jáde."

Ó ki páàdì méjèèjì bọ̀ ọ́ pa pọ̀, ojú dúdú rẹ̀ kọ sí àwo irin. Ó di bọ́ọ̀tì le. Ó dìde, ó ní iṣẹ́ tán.

"Tẹ bíréèkì," ni bàbá náà wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ bíréèkì wọlé wẹ́rẹ́, kò bá nǹkan kan pàdé. Ẹ̀rù bà á débi tó fi tú u sílẹ̀.

"Ìwọ ìbá ti gbéra báyìí. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ téèyàn bá ti ti irin yẹn padà. Tún un tẹ̀. Tún un tẹ̀."

Ó ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ti alùpùpù náà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbọn-in. Ó wá gùn ún jẹ́jẹ́ nínú ọgbà, òun nìkan, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Páàdì tuntun náà ń kùn, ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́.

"Jẹ́ kó kùn," ni bàbá náà sọ fún un. "Fún un ní ọjọ́ mélòó kan, má tíì sáré. Tó bá ṣì ń han lẹ́yìn ìyẹn, gbé e wá ká wò ó. Ti ẹ̀yìn yìí kì í ṣe iṣẹ́ ilé, lọ́la ni kó o fọwọ́ tì í wá sí ṣọ́ọ̀bù mi."

Ọkọ̀ èrò la wọ̀ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn. Télọ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀, kò jókòó, ó sì sọ ọ́ látòkè délẹ̀: agolo, epo, páàdì inú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó. Mo rò pé á pariwo. Omijé ló kọ́kọ́ dà lójú rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?" ló bi í. "Ṣé kì í ṣe torí kẹ́ ẹ lè tù mí nínú ni?"

"Kí n tù ọ́ nínú kẹ̀?"

"Bàbá wọn, ẹ máa ń sọ fún mi pé kí n má mira tá a bá ti dé kọ́nà. Mo mira lọ́jọ́ yẹn. Báàgì ń bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ kí n fà á sókè, ìgbà yẹn gan-an la bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò pé èmi ni mo gbé wa ṣubú. Mo ń gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń bú onípáàdì, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀ yín."

Ọjọ́ méjìlá gbáko. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, ó ń ro bó ṣe máa bẹ ọkọ rẹ̀. Télọ̀ gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ọmọdé, mi ò sì mọ ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀.

"Inú ń bí mi o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tó yá, ó sì fọwọ́ lé e lórí. "Mi ò ní parọ́. Ẹsẹ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ tó ń kọ́ gbogbo ayé nípa ẹ̀fọn, ṣé o ò ní kọ́ wọn nípa èyí?"

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí. Ọ̀pá ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń rìn báyìí. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè bẹ̀rẹ̀ di okùn bàtà àwọn ọmọ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní alùpùpù, pàápàá èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, mo bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe kán epo kankan sí páàdì tàbí àwo bíréèkì, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan. Tí epo bá ta sí i, ẹ fọ àwo náà, kẹ́ ẹ sì da páàdì náà nù. Tó bá ń pariwo, ẹ wádìí ohun tó ń ṣe é, ẹ má ṣe wá bẹ́ ẹ ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́. Páàdì méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ pa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ máa tẹ ọwọ́ bíréèkì títí á fi le kí táyà tó yí, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ̀yin nìkan. Ohun tí kò bá yé yín níbẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì gbàgbé bíréèkì ẹ̀yìn.

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín ò rí bíréèkì, kò sì mọ ohun tẹ́ ẹ fi sí i. Ó kàn gbà yín gbọ́ ni.